Aṣọ Yẹ́lò Lẹ́nu Géètì

Bí ẹnì kan bá ti sọ fún Bímbọ́lá tẹ́lẹ̀ pé fìlà ni yóò mú ọkọ wá bá òun, yóò ní kí onítọ̀hún lọ sùn, oorun ló ń kùn ún. Fìlà náà ló sì mú un wá.

Ìgbà ọyẹ́ ni, ibà Lássà sì tún ti gbòde ní Àkúrẹ́. Wolé-wolé ni Bímbọ́lá, iṣẹ́ kò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé sí ọ́fíìsì wọn ní Alágbàká ni, níbi tó ti ń bá àwọn tó ń sá gàrí sí etí títì fún eku jà láti àárọ̀. Ẹsẹ̀ ń ro ó, ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ, ebi sì ń pa á. Ẹni tó bá kó sí i lọ́wọ́ nírú àkókò bẹ́ẹ̀ máa ń fara gbá a.

Ọkùnrin gíga kan kan ilẹ̀kùn. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun, ṣọ́ọ̀kì sì ti kun gbogbo ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Fìlà wolé-wolé ayé àtijọ́ ni mo ń wá. Mo fẹ́ yá a ni."

Bímbọ́lá wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí ẹ lè máa fi dẹ́rù ba àwọn onílé kiri?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Dókítà kan ló fẹ́ dé e, dókítà ọ̀hún ò sì tíì jáde ìwé mẹ́fà tipẹ́."

Kìtán Akínsànyà lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama kan ní ìlú Oǹdó. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fẹ́ ṣe eré nípa èbúté Èkó láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, ó sì ti wá fìlà náà káàkiri Oǹdó títí, kò rí i.

"Eré nípa kí ni gan-an?" Bímbọ́lá béèrè. Kò fẹ́ béèrè, ẹnu rẹ̀ ló bọ́.

Ni Kìtán bá jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un ní àga. "Nípa òfin àìsàn. Ọkọ̀ tó bá ti òkun dé nígbà yẹn kò gbọdọ̀ ṣàdédé wọ èbúté. Yóò dúró lókèèrè, yóò ta àsíá yẹ́lò sókè. Bí àsíá yẹn bá ṣì wà lókè, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gòkè, ìyá ọ̀gá ọkọ̀ ì báà máa sunkún létí omi. Dókítà èbúté ni yóò wọ ọkọ̀ kékeré lọ bá wọn. Yóò ní: ta ló ń ṣàìsàn? Ta ló kú lójú ọ̀nà? Ǹjẹ́ ẹ rí òkú eku? Ọ̀gá ọkọ̀ á búra kó tó dáhùn."

"Tó bá wá purọ́ ńkọ́?"

"Ìlú ni yóò jẹ ìyà irọ́ náà."

Láti àárọ̀ ni Bímbọ́lá ti ń pariwo eku létí àwọn tí kò fẹ́ gbọ́. Ẹnì kan wá ti Oǹdó wá, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ eku, ojú rẹ̀ sì ń dán bíi ti ọmọ tí wọ́n fún ní adùn. Inú Bímbọ́lá dùn, kò sì mọ ohun tí yóò fi ìdùnnú náà ṣe. Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó yọ fìlà ọ̀gá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí òórùn káńfọ̀ ń tú jáde lára rẹ̀.

"Ẹ má da á padà," ó ní. "Èmi fúnra mi ni màá wá gbà á."

Bó ṣe dé Oǹdó lọ́jọ́ eré nìyẹn, tó jókòó sí ìlà iwájú. Páálí ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀, bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì tí wọ́n rì sínú aró yẹ́lò sì ni àsíá. Wọ́n kun bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní dúdú, wọ́n fà á gòkè lórí ọ̀pá, ọmọ kan sì lọgun pé, "Bọ́ọ̀lù dúdú ti gòkè o! Ìgbì ń ru lẹ́nu ọ̀sà! Ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọlé!" Wọ́n fi páànù roboto há okùn ọkọ̀ lọ́rùn, kí eku má baà gba ibẹ̀ dé èbúté. Kò sí ohun tí olùkọ́ yìí gbàgbé.

Nígbà tí dókítà kékeré tó dé fìlà Alágbàká béèrè pé ta ló ń ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ pòórá lẹ́nu ọmọbìnrin tó ṣe ọ̀gá ọkọ̀. Ó ranjú, ó ranjú, ó ní, "Èmi ni, sà. Inú ló ń run mí." Ó sì bú sẹ́kún. Gbogbo gbọ̀ngán rẹ́rìn-ín. Kìtán ò rẹ́rìn-ín. Ó gun orí ìtàgé, ó lóṣòó níwájú ọmọ náà, ó ní, "O káre. Ọ̀gá ọkọ̀ tó sọ òótọ́ nìyẹn. Ìwọ lo gba ìlú là." Ọmọ náà nu ojú, ó tẹ̀síwájú, àtẹ́wọ́ sì sọ.

Ibi tí Bímbọ́lá ti fẹ́ràn Kìtán nìyẹn. Kò tan ara rẹ̀ jẹ. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun.

Lójú ọ̀nà gáréèjì, Kìtán ra bọ̀ọ̀lì fún un, ó sì sọ ibi tí ìtàn náà ti ṣẹ̀. Bàbá tó bí ìyá-ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń wa ọkọ̀ dókítà ní Èkó kó tó padà wá gbin kòkó sí Oǹdó. Màmá Agnes, ìyá-ìyá rẹ̀ náà tó tọ́ ọ dàgbà, ló pa gbogbo rẹ̀ nítàn fún un. Èyí tó rántí ló sọ. Ohun tí ojú ẹni bá ti mọ́ láti kékeré, ẹnu kì í sábà rántí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó ṣe di ojúde wọn. Bí Kìtán bá ń bọ̀, á ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ọ̀wẹ̀nà. Bí Bímbọ́lá bá ń lọ, á gbé iyán tó gún fúnra rẹ̀. "Wolé-wolé mi" ni Kìtán ń pè é, "Tíṣà mi" ni òun náà ń dá a lóhùn.

Àǹtí Oyèbọ́lá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá Bímbọ́lá ni. Láti ìgbà tí ìyá Bímbọ́lá ti kú ló ti ń gbọ́ bùkátà ilé náà ní Ìjàpò, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

"Oǹdó?" ó ní. "Ṣé gbogbo ọkùnrin Àkúrẹ́ ti kú tán ni? Àwọn tó jẹ́ pé ọdún ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́."

"Àǹtí, tíṣà ni. Kì í jáde lọ síbì kankan."

"Tíṣà Oǹdó, ará Oǹdó náà ni."

Nígbà tí Kìtán gbọ́, ẹ̀rín ló fi ṣe. "Ṣebí wọ́n ti ń kì yín tipẹ́ pé ẹ gbé idà sílẹ̀, ẹ fi ẹnu pani. Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ ò tíì yí padà."

Bàbá Bímbọ́lá, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Alágbàká títí ó fi fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ohun tó sọ ni pé, "Jẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá, ká rí wọn." Wọ́n bá dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Bímbọ́lá fẹ́ ṣe ohun kan tí Kìtán nìkan á mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó lọ sí Arákàlẹ̀, ó ra aṣọ yẹ́lò tó mọ́lẹ̀ rekete. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó so ó mọ́ òkè géètì, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ẹ lẹ́lẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Àsíá tó mú wọn pàdé náà ni yóò kí i káàbọ̀.

"Goodness dà?" ó béèrè nígbà tó wọ ilé ìdáná. Ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ni Goodness, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé, òun ló sì ń bá wọn se oúnjẹ.

"Jẹ́ kó sinmi," Àǹtí Oyèbọ́lá dáhùn láìwo ojú rẹ̀. "Iṣẹ́ àná pọ̀."

Bọ́ọ̀sì àwọn ará Oǹdó dé, ó dúró níwájú géètì. Wọ́n dúró kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, kò ṣí. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó síwájú, tó wé gèlè funfun, gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, gbogbo bọ́ọ̀sì sì dákẹ́.

"Kí ni wọ́n ń retí?" ni Àǹtí Oyèbọ́lá wí láti fèrèsé. "Ṣé ká wá pọ̀n wọ́n sọ̀kalẹ̀ ni?"

Fóònù Bímbọ́lá dún. Kìtán ni, láti inú bọ́ọ̀sì.

"Ọ̀wọ́n mi, ta ló ta aṣọ yẹ́lò sẹ́nu géètì yín?"

"Èmi ni. Ṣé o rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀bi mi ni. Mi ò sọ fún ẹ rí. Nílé wa, bí àrùn bá wọ ilé, aṣọ yẹ́lò la máa ń ta sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá màmá àgbà ló mú un ti Èkó bọ̀. Kò sí ẹni tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Màmá ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀."

Bímbọ́lá sáré lọ bá bàbá rẹ̀. Kó tó di pé ó ṣàlàyé tán fún bàbá rẹ̀, Àǹtí Oyèbọ́lá ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Wọ́n ní àrùn wà nílé wa? Wọ́n wá bú wa ní ojúlé wa? Kí wọ́n yí mọ́tò wọn padà. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Ojú Bàbá le. Bímbọ́lá mọ ojú yẹn. Bí bọ́ọ̀sì yẹn bá fi yí padà, kò sí ẹni tí yóò tún pè é wá. Ó sáré jáde, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó jìnnà díẹ̀ sí bọ́ọ̀sì náà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, eré ni mo fi ṣe. Ẹ jẹ́ kí n já a."

Màmá Agnes yọjú. Ohùn rẹ̀ kò le, ìbẹ̀rù ló wà nínú rẹ̀. "Dìde, ọmọ mi. Mi ò bínú sí ẹ. Ọmọdé ni mí nígbà tí igbóná wọ ilé wa. Bàbá mi ta aṣọ. Àbúrò ìyá mi gbé ọsàn wá kí wa, ó ní aṣọ lásán ni, ó kọjá. A ò tíì jẹ ọsàn náà tán tí wọ́n fi sin ín. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ mi kì í lè kọjá lábẹ́ rẹ̀."

"Tí mo bá já a ńkọ́?"

"Ẹni tó ta á kọ́ ló ń sọ ọ́ kalẹ̀. Olórí ilé ni wọ́n máa ń bi léèrè. Tó bá dáhùn, aṣọ á sọ̀."

Bímbọ́lá padà sínú ilé, ó sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Àǹtí Oyèbọ́lá di ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Bímbọ́lá, o ò ní jáde. Ṣé ọ̀daràn ni ẹ́ tí wọ́n á fi máa wádìí rẹ lójú títì?"

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó kó apá agbádá rẹ̀ sórí èjìká, ó sì jáde. Ó dúró lábẹ́ aṣọ náà, ó ṣí fìlà.

"Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ bi mí ní nǹkan, mà."

"Mo fẹ́ bi yín. Ta ló ń ṣàìsàn nínú ilé yín?"

Bàbá la ẹnu. Àǹtí Oyèbọ́lá, tó ti tẹ̀ lé e jáde, fà á lágbádá lẹ́yìn. Bímbọ́lá rí i.

"Ẹnì kan wà, mà," ni Bàbá wí. "Ara Goodness, ọmọ àbúrò mi, ti gbóná láti àná. Ó ń bì. A fi í pa mọ́ fún ọmọ mi, torí a mọ̀ pé yóò ní ká sún òní síwájú."

Ojú ti Bímbọ́lá, inú bí i, ẹ̀rù sì bà á, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọrùn kó sọ pé ibà lásán ni, kí wọ́n máa wọlé. Ta ni kì í ní ibà? Ṣùgbọ́n òun náà ló ń pariwo lé àwọn ìyá lórí lọ́jà pé kí wọ́n má ṣe fi ibà pa mọ́. Ó rántí ọ̀gá ọkọ̀ kékeré tó ń sunkún lórí ìtàgé Oǹdó.

"Aṣọ náà kò ní sọ̀, Màmá," ó ní, omijé sì ti dé ojú rẹ̀. "Ẹ má wọlé. Iṣẹ́ mi nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó pe àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ní iṣẹ́ wọn, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó bo imú, ó lọ wo Goodness nínú yàrá. Nígbà tó ń fi aṣọ tútù nù ún lórí, ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ìgbéyàwó òun ti bá bọ́ọ̀sì lọ.

Nígbà tó fi fọwọ́ tán tó padà jáde, bọ́ọ̀sì náà ṣì wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí. Lódìkejì títì, lábẹ́ igi máńgòrò ará àdúgbò, àwọn ará Oǹdó ń to àga tí wọ́n yá, wọ́n ń to iṣu àti èso wọn sílẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Ìyàwó la wá tọrọ," ni Màmá Agnes wí, "a ò wá tọrọ pálọ̀. Ilé tó lè sọ òótọ́ báyìí lẹ́nu géètì, kí ni n óò tún lọ yẹ̀ wò nínú yàrá rẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Àwọn ará Àkúrẹ́ jókòó níwájú géètì, àwọn ará Oǹdó jókòó lódìkejì, títì wà láàárín. Bàbá Kìtán, Bàbá Silas, ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ lókè ohùn, ọlọ́kadà á kọjá, á gbé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Bàbá Bímbọ́lá dáhùn, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tó sọ. Àǹtí Oyèbọ́lá mí kanlẹ̀, ó bínú sí gbogbo wọn, ó sì dìde.

"Bàbá ọmọ ní òun gbọ́ o!" ó ké e sódìkejì. "Ó ní ṣé ọmọ yín lè bọ́ ọmọ wa?"

"Ó lè bọ́ ọ!"

"Ẹ sọ ọ́ sókè! Ṣé oúnjẹ lẹ kò jẹ ni?"

Ẹ̀rín pa àwọn ará Oǹdó. Títí wọ́n fi parí, ẹnu Àǹtí Oyèbọ́lá ló ń gbé ọ̀rọ̀ sọdá títì. Kìtán dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní lábẹ́ máńgòrò, Bímbọ́lá kúnlẹ̀ lábẹ́ aṣọ yẹ́lò, wọ́n sì ń wo ara wọn láàárín kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà. Bímbọ́lá ò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ẹnì kan nínú takisí béèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ ní ó jọ pé ìjà ilẹ̀ ni.

Èsì ẹ̀jẹ̀ Goodness dé. Ibà ẹ̀fọn lásán ni, kì í ṣe Lássà. Ara rẹ̀ yá, Màmá Agnes sì tún wọ mọ́tò ti Oǹdó wá, torí ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i kí aṣọ náà sọ̀. Bàbá Bímbọ́lá ló sọ ọ́ kalẹ̀. Màmá Agnes wọlé, ó jókòó, ó jẹ iyán tí Goodness gbé síwájú rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó ní kí wọ́n fún òun ní aṣọ náà. Ó ká a, ó sì kì í bọ àpò rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, mà?" ni Àǹtí Oyèbọ́lá béèrè.

"Ó níṣẹ́ tó fẹ́ ṣe," ni màmá dáhùn.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní Oǹdó, wọ́n sì gbé Bímbọ́lá lọ sí ilé tí Kìtán háyà lẹ́yìn ilé-ìwé rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ti kìlọ̀ fún un pé kò ní sùn, pé àwọn ará Oǹdó á máa wá kí ìyàwó láti ìdájí dòru, wọn ò sì ní í fẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n oòrùn ti mú nígbà tó jí ní ọjọ́ kejì, ilé sì pa rọ́rọ́. Kìtán ṣì ń sùn. Ó rọra ṣí fèrèsé.

Aṣọ yẹ́lò rẹ̀ ló wà lókè ẹnu ọ̀nà. Lábẹ́ rẹ̀ ni Màmá Agnes jókòó lórí àga, ọ̀pá ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn abọ́ oúnjẹ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, àwọn tó gbé wọn wá ti gbé wọn sílẹ̀, wọ́n ti padà lọ jẹ́ẹ́.

Àǹtí Oyèbọ́lá sọ̀kalẹ̀ nínú takisí Àkúrẹ́, kúlà oúnjẹ ń bẹ lórí rẹ̀. Ó rí aṣọ náà, ó dúró gbọnrangandan.

"Ta ló ń ṣàìsàn?"

"Kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn," ni Màmá Agnes wí. "Mo kàn ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé ni."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí wọ́n á fi sọ ọ́ kalẹ̀ fúnra wọn."

Àǹtí Oyèbọ́lá wo aṣọ, ó wo fèrèsé, ó sì rí Bímbọ́lá. Bímbọ́lá retí ọ̀rọ̀. Obìnrin náà gbé kúlà rẹ̀ sílẹ̀ sáàárín àwọn abọ́ yòókù, ó nu ojú rẹ̀, ó fa àpótí kan sún mọ́ ìyá àgbà.

"Ẹ sún fún mi díẹ̀, mà," ó ní, ó sì jókòó.

Bímbọ́lá rọra ti fèrèsé, ó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.